Ìlù Tó Bá Dún Jù: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ràn Orin Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń fo ojú ìwé yìí kọjá nítorí pé ẹ rò pé ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó ni ó wà níbẹ̀, ẹ sún mọ́ mi lónìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ yín gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ etí ni.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kì í ṣe ilé ìwòsàn ni mo ti kọ́ ọ. Ojú ara mi ni ó rí i, etí ara mi ni ó sì jẹ ìyà rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kan ní London

Nígbà tí mo lọ kí àbúrò mi obìnrin ní London, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 23, wá bá mi ní ọjọ́ Sátidé kan. Ó ní, "Mọ́mì Ìbàdàn, ẹ ti jókòó sílé jù. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ wo àwọn olórin kan. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣe orin tiwọn, ẹ ò rí irú rẹ̀ rí." Mo ní, "Ṣé kò ní pẹ́ jù?" Ó ní, "Ẹ ó sùn tí ẹ bá dé, Mà." Báyìí ni mo ṣe wọ kóòtù, tí mo we gèlè, tí mo sì tẹ̀ lé e.

Ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà, mo rí abọ́ kan lórí tábìlì. Àwọn nǹkan kéékèèké rọ̀bọ̀tọ̀ rọ̀bọ̀tọ̀ ni ó kún inú rẹ̀, wọ́n sì jọ súìtì. Mo na ọwọ́ láti mú méjì. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Kì í ṣe jíjẹ, Mà! Etí ni wọ́n fi ń dí. Àwọn tí ń bẹ̀rù ariwo ni wọ́n ń fún." Ojú tì mí, mo sì dá a padà sínú abọ́. Ẹ gbọ́ mi o: èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún pàṣẹ fún aláìsàn, mo dá ààbò ara mi padà sínú abọ́ nítorí kí ọmọdé má baà fi mí rẹ́rìn-ín.

A wọlé, a sì lọ dúró níwájú, nítòsí àwọn sípíkà tí wọ́n tò léra wọn tí wọ́n ga ju ilé alájà kan lọ. Ọkùnrin méjì ni ó wà lórí pèpéle, wọ́n dúró sẹ́yìn tábìlì tí wáyà kún orí rẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí onílù kankan. Mo bi ọmọ náà pé, "Àwọn onílù dà?" Ó ní, "Inú àpótí yẹn ni wọ́n wà, Mà."

Bí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ti fọwọ́ yí nǹkan kan báyìí, ìlù sọ! Kì í ṣe etí ni mo kọ́kọ́ fi gbọ́ ọ, àyà ni. Ó gbá mi láyà bí ẹni pé ènìyàn fi ìṣáasùn lù mí. N kò ní parọ́ fún yín: orin náà dùn. Àwọn ọ̀dọ́ ń fò sókè, èmi náà sì jó, gèlè mi ń gbọ̀n lórí mi. Wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni a lò níbẹ̀.

Ta ni ń lu ìlù náà?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé irú eré yìí fún yín, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ìlera ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tí ó ṣáájú nínú irú orin yìí ni ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Kraftwerk, láti ìlú Düsseldorf ní Jámánì. Ralf Hütter àti Florian Schneider ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1970. Ní 1974 ni wọ́n gbé àwo Autobahn jáde, orúkọ wọn sì kàn ká ayé. Schneider kú ní 2020. Bí ẹgbẹ́ náà bá ń ṣeré níwájú ènìyàn, ọkùnrin mẹ́rin ni í máa tò sórí ìlà kan, oníkálukú pẹ̀lú tábìlì ẹ̀rọ tirẹ̀, wọn kì í sì fò bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í sáré. Kódà, bí wọ́n bá dé orí orin kan, ère tí a fi ẹ̀rọ ṣe ni wọ́n ti máa ń gbé síta dípò ara wọn, ère ni yóò sì máa ṣapá lórí pèpéle. Láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ olórin ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ wa ń sáré tẹ̀ lé lónìí ti mú àpẹẹrẹ.

Ẹ wá fi èyí wé ìlù tiwa. Bí onídùndún bá ń lù, apá rẹ̀ ni agbára ìlù rẹ̀. Bí ó bá lù títí, apá yóò ro ó, yóò sinmi, yóò mu omi, etí àwọn tí ń jó náà yóò sì sinmi. Bí ó bá sì lù ú ní àlùjù, awọ yóò ya. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi sọ pé ìlù tó bá dún jù, yíya ni yóò ya. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná kò ní apá tí ń ro ni. Ohun tí ẹ̀rọ bá ṣe yóò gba inú wáyà lọ sínú ẹ̀rọ tí ń fi kún agbára rẹ̀, yóò sì jáde nínú sípíkà. Bí ẹni tí ó wà nídìí rẹ̀ bá ti yí i sókè tó ni yóò dún tó, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Awọ kankan kò sí lára rẹ̀ tí yóò ya láti kìlọ̀ fún wa. Awọ tí ó kù tí ó lè ya, ara tiwa ni ó wà.

Ohun tí ó wà nínú etí

Etí tí ẹ ń rí lóde yìí, ìlẹ̀kùn ni. Bí ohùn bá gba ibẹ̀ wọlé, yóò kan awọ tín-ín-rín kan, awọ náà yóò gbọ̀n, yóò mi egungun kéékèèké mẹ́ta tí ó so mọ́ ara wọn, àwọn wọ̀nyí yóò sì gbé ìmìtìtì náà dé inú ohun kan tí ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Omi wà nínú ìkarahun yìí, àwọn èérún ara tí ó ní irun sì wà níbẹ̀, nǹkan bí 15,000 nínú etí kan ṣoṣo. Irun wọn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Àwọn ni wọ́n ń sọ ìmìtìtì di ọ̀rọ̀ tí ọpọlọ lè gbọ́.

Ẹ fi wọ́n wé koríko. Bí ènìyàn bá rìn kọjá lórí koríko lẹ́ẹ̀kan, koríko náà yóò tẹ̀, yóò sì tún dìde ní ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ìlú bá ń gba ibẹ̀ lọ sójà lójoojúmọ́, koríko yóò kú, ibẹ̀ yóò sì di ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ariwo ńlá ń ṣe nínú etí. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ sì ti fi hàn, ní nǹkan bí 1987 sí 1988, pé bí ti adìẹ bá kú, òmíràn máa ń hù dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ọmọ ènìyàn, bí ó bá ti kú, ó kú náà nìyẹn. Títí di òní, kò sí oògùn tí í mú un hù padà. Adìẹ inú àgò wá sàn jù wá lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ariwo tó mélòó ni ó pọ̀ jù?

Bí a ti ń fi ìwọ̀n wọn iyọ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ń fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì wọn ariwo. Ìjíròrò ènìyàn méjì nínú yàrá jẹ́ nǹkan bí 60. Ní ibi iṣẹ́, àwọn onímọ̀ ìlera ní Amẹ́ríkà sọ pé ènìyàn lè wà nínú ariwo 85 fún wákàtí 8 lójúmọ́, kí ó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: ìwọ̀n yìí kò rí bí ti ọjà. Bí a bá fi 3 péré kún un, agbára ariwo náà ti di ìlọ́po méjì, àkókò tí etí lè fara dà á sì ti di ìdajì. Nítorí náà, 88 jẹ́ wákàtí 4, 91 jẹ́ wákàtí 2, 94 jẹ́ wákàtí 1, 97 jẹ́ ìṣẹ́jú 30. Bí ó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni.

Níwájú sípíkà ńlá, ariwo a máa dé 100, a sì máa kọjá rẹ̀. Èmi lo wákàtí méjì àti ààbọ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde fún àwọn gbọ̀ngàn àti ibi eré: kí ìpíndọ́gba ariwo má ju 100 lọ láàárín ìṣẹ́jú 15 èyíkéyìí; kí ẹnì kan máa fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n; kí wọ́n ní ohun ìdítí fún ẹni tí ó bá fẹ́; kí àyè ìdákẹ́jẹ́ sì wà tí etí lè lọ sinmi. Àbọ́ tí mo fojú súìtì wò lẹ́nu ọ̀nà, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́lé àti fọ́lé

Nígbà tí a jáde, bí ẹni pé wọ́n fi òwú dí mi létí ni. Ọmọ náà ń sọ̀rọ̀, mo ń rí ẹnu rẹ̀. Nígbà tí mo dùbúlẹ̀, etí mi ń hó yee, bí ìgbà tí ẹgbàágbèje kòkòrò bá ń ké lẹ́ẹ̀kan náà lálẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó tó dáwọ́ dúró. Mo sọ ọ́ fún ọmọ náà, ó mi orí, ó ní, "Tèmi kì í dáwọ́ dúró mọ́, Mà. Ó ti tó ọdún kan." Láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún 17 ni ó ti ń lọ sí irú eré bẹ́ẹ̀, kò sì dí etí rí. Kò sọ fún ìyá rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ ń jáde lọ, ó kígbe sí i láti ìsàlẹ̀ pé, "Bá mi ṣọ́lé o!" Ọmọ náà dáhùn pé, "Kí n bá yín fọ́lé ta ni?" Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ariwo kì í pa gbogbo ìgbọ́ran lẹ́ẹ̀kan náà; ohùn tín-ín-rín ni ó kọ́kọ́ ń pa. Ìró f, ìró s àti ìró ṣ sì wà nínú àwọn ohùn tín-ín-rín wọ̀nyí. Òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn Yorùbá yóò ṣì máa wọlé, ṣùgbọ́n ohun tí ó yà ṣọ́lé sọ́tọ̀ kúrò lára fọ́lé yóò ti sọnù. Ẹni bẹ́ẹ̀ yóò máa gbọ́ ènìyàn bí ẹni ń gbọ́ gángan: yóò gbọ́ ohùn, yóò máa méfò ọ̀rọ̀. Nítorí náà ni irú wọn kì í fi í sọ pé, "N kò gbọ́." Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Kí ni ẹ ń kùn lẹ́nu sí?"

Mo mú un lọ fún àyẹ̀wò. Ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé ohùn tín-ín-rín ti dín kù létí méjèèjì, kò sì ní padà. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kù lè wà bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ ogbó, bí ó bá dáàbò bò ó. Nígbà tí a délé, ó wólẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó sì sọ òótọ́ fún un.

Ṣé dídí etí wúlò lóòótọ́? Ní 2015, àwọn dókítà ní Netherlands dán an wò níbi ọdún orin ìta gbangba kan ní Amsterdam. Ènìyàn 51 ni wọ́n fi wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ gbọ́ orin náà. Àwọn kan dí etí, àwọn kan kò dí i. Ariwo ibẹ̀ jẹ́ 100 ní ìpíndọ́gba. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn eré, ìgbọ́ran ti rẹ̀yìn fún ìgbà díẹ̀ nínú etí 42 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tí kò dí i. Lára àwọn tí ó dí i, 8 péré ni. Orin kan náà ni gbogbo wọn gbọ́, wọ́n sì jó.

Iná tí ń ṣẹ́jú

Kò tán síbẹ̀. Nígbà tí eré gbóná, wọ́n tan irú iná kan tí ń tàn tí ń kú wàìwàì bí mànàmáná. Kò pẹ́, ọmọbìnrin kan ṣubú nítòsí wa, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo sáré lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn olùrànlọ́wọ́ gbọ̀ngàn náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ pé ó ní wárápá, àti pé kò sùn fún òru méjì.

Lára àwọn tí ó ní wárápá, nǹkan bí 3 nínú ọgọ́rùn-ún ni irú iná bẹ́ẹ̀ lè gbé e dìde fún, pàápàá bí ó bá ń ṣẹ́jú ní ìgbà 3 sí 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní Netherlands, àwọn onímọ̀ wo àkọsílẹ̀ ọdún orin ẹ̀rọ 28 tí wọ́n ṣe ní 2015, tí ó lé ní 400,000 ènìyàn tí ó lọ síbẹ̀. Ènìyàn 39 ni wárápá gbé níbẹ̀: 9 ní eré ọ̀sán, 30 ní eré òru tí iná wọ̀nyí ti ń tàn nínú òkùnkùn, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ó lọ sí eré ọ̀sán ni ó pọ̀ jù. Àìsùn, ọtí àti oògùn olóró sì máa ń dá kún un. Kódà tẹlifíṣọ̀n lè ṣe é: ní ọjọ́ 16 oṣù December 1997, ní Japan, eré àwòrán kan tàn pupa àti búlúù wàìwàì, ó sì lé ní 600 ènìyàn, tí ọmọdé pọ̀ jù nínú wọn, tí wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lójú yín, ẹ má sá. Wárápá kì í ràn. Itọ́ rẹ̀ kì í ràn. Ẹ gbé ohun líle kúrò nítòsí ẹni náà, ẹ fi aṣọ rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, kí ẹ sì wo aago. Ẹ má ṣe fi síbí sí i lẹ́nu, ẹ má dì í mọ́lẹ̀, ẹ má ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, ẹ má sì fún un ní ìtọ̀ màlúù. Èyí ti pa ọmọ púpọ̀. Bí gbígbọ̀n náà bá dáwọ́ dúró, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé iná ń ṣe òun bẹ́ẹ̀, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan pátápátá, kí ó sì kúrò níbẹ̀. Pípa ojú dé nìkan kò tó.

Ohun tí ẹ lè ṣe

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má sọ pé London jìnnà. Irú sípíkà yẹn náà ni a ń gbé síwájú ilé níbi òde ìsìnkú àti ìgbéyàwó, tí a ń gbé ọmọ ọwọ́ pọ̀n sẹ́yìn jó níwájú rẹ̀. Nítorí náà:

Ìkíní, ẹ jìnnà sí sípíkà. Ní ìta gbangba, bí ẹ bá sún sẹ́yìn di ìlọ́po méjì ibi tí ẹ wà, ariwo yóò dín ní nǹkan bí 6.

Ìkejì, ẹ dí etí. Èyí tí ó rọ̀ bí fóòmù, ẹ fi ìka yí i kí ó di tín-ín-rín, ẹ fa etí sókè sẹ́yìn, ẹ kì í bọ̀ ọ́, kí ẹ sì dì í mú títí yóò fi wú. Òwú lásán kò ṣe iṣẹ́ náà.

Ìkẹta, ẹ jáde síta lóòrèkóòrè kí etí lè sinmi. Bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tí ó wà ní ìwọ̀n apá kan sí yín tó gbọ́, ariwo ti pọ̀ jù.

Ìkẹrin, ẹ má gbé ọmọ ọwọ́ sítòsí sípíkà rárá. Kò lè sọ pé etí ń dun òun. Ẹkún ni ó mọ̀, a ó sì máa rò pé oorun ni.

Ìkarùn-ún, bí etí bá ń hó kọjá ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ lọ rí dókítà. Bí etí kan bá dédé di lójijì, ẹ lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má da àdí tàbí òróró sí i.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má jó. Ọmọ àbúrò mi ṣì ń lọ wo àwọn olórin rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdítí méjì kì í kúrò nínú àpò rẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo ń bọ̀ wálé, ó fún mi ní méjì. Ní òde ìsìnkú tí mo lọ ní oṣù tó kọjá, mo fi wọ́n sí etí, mo fi gèlè bò ó, mo sì jó títí. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Ó dìgbà kan ná. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a fi etí wa gbọ́ ire.